Ráútà kan kú, èkejì wà láàyè, síbẹ̀ ìdajì gbọ̀ngàn kò rí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni mo ń mójú tó ẹ̀rọ ní gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kan ní Òṣogbo. Kọ̀ǹpútà 120 ni a ní, ráútà méjì, íntánẹ́ẹ̀tì ráútà kọ̀ọ̀kan sì ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ wá. Mo fi 192.168.10.1 ṣe default gateway (ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì) fún kọ̀ǹpútà 60, mo fi 192.168.10.2 ṣe ti 60 yòókù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ráútà àkọ́kọ́ kú níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́. Ìdajì gbọ̀ngàn dúró, ìdajì ń bá tirẹ̀ lọ. Kí n tó fi ọwọ́ pààrọ̀ gateway lórí ẹ̀rọ 60, ojú mi rí màbo. Ṣé mo lè kọ gateway méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí ó máa fúnra rẹ̀ yan èyí tó bá wà láàyè?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ lè kọ méjèèjì sí i, Windows kò ní bá yín jà. Àmọ́ kò ní ṣe ohun tí ẹ ń fẹ́ kó ṣe, tàbí kó má tètè ṣe é tó bí ẹ ṣe nílò rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ó jọ pé ẹ ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ nílò, àti pé bí ẹ bá ṣe é bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí, ẹ kò ní fọwọ́ kan ìkankan nínú kọ̀ǹpútà 120 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi gateway ṣe. Tó bá fẹ́ ránṣẹ́ síbì kan, á wo àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀: ṣé ará ilé ni, àbí ará òde? Bó bá jẹ́ ará ilé, á pè é tààrà. Bó bá jẹ́ ará òde, á gbé ẹrù náà fún gateway. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 192.168.10.1 tí ẹ kọ síbẹ̀ kọ́ ló ń gbé ẹrù lé lórí. Ó máa ń kọ́kọ́ ké sí gbogbo ilé ni pé, "Ta ló ń jẹ́ 192.168.10.1 níbí?" Ráútà á dáhùn, á sọ nọ́ńbà MAC rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìkésíni àti ìdáhùn yìí là ń pè ní ARP, ó ti wà láti 1982. Kọ̀ǹpútà á há MAC náà sórí, òun ló sì máa ń lò láti ìgbà náà lọ.

Wàyí o, ráútà kú. Ta ló máa tú u fún kọ̀ǹpútà? Kò sí. Wáyà tó jáde lára kọ̀ǹpútà kò dé ọ̀dọ̀ ráútà, inú súwíìṣì ló wọ̀, àpótí tó so gbogbo kọ̀ǹpútà àti ráútà pọ̀. Súwíìṣì ṣì wà láàyè, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, wáyà sì dà bí ẹni pé kò ní àbùkù kankan. Kọ̀ǹpútà á wá máa kó ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú.

Àwọn tó ṣe òfin íntánẹ́ẹ̀tì mọ wàhálà yìí tipẹ́. Nínú RFC 1122, tó jáde ní 1989, wọ́n ní dandan ni kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bí gateway bá kú, kó sì bọ́ sórí òmíràn. Bí yóò ṣe mọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún oníkálukú, oníkálukú sì ṣe é bó ṣe wù ú. Lórí Linux, bí ẹ bá kọ gateway méjì tí metric wọn (nọ́ńbà tó ń sọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lò) kò dọ́gba, èyí tí metric rẹ̀ kéré ni yóò máa lò níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì ní iná, yálà ráútà tó wà lódìkejì jẹ́ òkú tàbí ààyè. DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún kọ̀ǹpútà, náà lè pín ju gateway kan lọ, option 3 fàyè gbà á. Àmọ́ èmi ò lè fi ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ dúró dè é pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á mọ ohun tó yẹ kó fi èkejì ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pàápàá, àyè gateway kan ṣoṣo ló wà lára wọn.

Wọ́n tún dán nǹkan mìíràn wò ní 1991: kí ráútà máa polówó ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ó dáa létí. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú méje sí mẹ́wàá ló wà láàárín ìpolówó kan àti èkejì, kọ̀ǹpútà á sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dúró kó tó gbà pé ráútà tí kò fọhùn mọ́ ti lọ. Nínú ìdánwò wákàtí méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ti lọ nìyẹn.

Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká gba ìpinnu yìí kúrò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pátápátá. Ẹ fojú oyè wo 192.168.10.1. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé lọ fún Baálẹ̀, ẹ kò ní béèrè pé ta ló ń jẹ ẹ́ lọ́dún yìí. Ilé Baálẹ̀ lẹ ń lọ, ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ ló máa gbà á. Àṣìṣe tó wà ní gbọ̀ngàn yín ni pé ẹ fi orúkọ oyè sọ ọmọ. Ráútà kan ló ń jẹ́ .1, nígbà tó sì kú, orúkọ bá a lọ.

Ìlànà tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì di oyè pọ̀ díẹ̀. Cisco, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ráútà, ní tirẹ̀, HSRP, tí wọ́n kọ sí RFC 2281 ní 1998. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni VRRP jáde fún gbogbo ayé. Cisco ní ẹ̀tọ́ òun wà nínú rẹ̀, inú bí àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò ọ̀fẹ́ kan bíi Linux, wọ́n sì lọ ṣe tiwọn ní 2004, wọ́n pè é ní CARP. Òun lẹ máa bá nínú pfSense, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ráútà, títí di òní. Ìjà àwọn àgbà nìyẹn, kò kan gbọ̀ngàn yín, àyàfi pé ẹ má da CARP àti VRRP pọ̀ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan náà, nítorí wọ́n á du MAC mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ lo VRRP. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀, ti 2010, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ló dára jù báyìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ráútà méjèèjì á wọ ẹgbẹ́ kan tó ní nọ́ńbà, láti 1 dé 255. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní àdírẹ́ẹ̀sì ti ara rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ṣe gateway. Àdírẹ́ẹ̀sì oyè á wà lọ́tọ̀. Ẹ óò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní priority. Èyí tí tirẹ̀ bá ga jù ló máa jẹ oyè. Ẹni tó wà lórí oyè á máa ké ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan pé òun ṣì wà, á ké e sí 224.0.0.18, igbákejì á sì máa tẹ́tí. Bí ẹ bá fún igbákejì ní 100, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 3.6, á gorí oyè. Àwọn afọbajẹ ìlú mìíràn lè fi ọdún mẹ́ta jiyàn. Iye yẹn kò kàn ṣubú láti ọ̀run: ìgbà mẹ́ta àlàfo igbe, pẹ̀lú ìdá 156 nínú 256 ìṣẹ́jú-àáyá kan (256 yọ 100 ni 156) tó jẹ́ ìyà pé priority rẹ̀ kò ga. Bí ráútà bá mọ̀ pé òun ń kú lọ, bí ìgbà tí ẹ bá fi àṣẹ pa á, á ké priority 0 kó tó lọ, igbákejì kò sì ní dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Oyè náà ní MAC tirẹ̀. Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹgbẹ́ 1 ń jẹ́ 00-00-5E-00-01-01, ẹgbẹ́ 2 ń jẹ́ 00-00-5E-00-01-02. Ẹni tó bá gorí oyè á gbé MAC náà wọ̀ bí ẹní gbé adé, á sì ké ARP kan sóde kí súwíìṣì lè mọ ihò tí ó wà báyìí. Nítorí náà, MAC tí kọ̀ǹpútà há sórí kò yí padà. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ó ku bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ ti ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì méjì, mi ò sì ní sọ pé kí ọ̀kan jókòó máa wòran. Ẹ dá oyè méjì sílẹ̀. Ẹ gba .1 àti .2 kúrò lára ráútà méjèèjì, ẹ fún wọn ní .251 àti .252 (ẹ wò ó dáadáa kí kọ̀ǹpútà kankan má ti máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí DHCP má sì pín in). Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ 1 á di .1 mú: ráútà àkọ́kọ́ ní priority 150, ìkejì ní 100. Ẹgbẹ́ 2 á di .2 mú: ráútà kejì ní 150, àkọ́kọ́ ní 100. Olóyè méjì, oníkálukú jẹ́ igbákejì ẹnìkejì rẹ̀. Ìdajì gbọ̀ngàn á máa gba ọ̀nà kan, ìdajì á máa gba èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní in tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo 120 á wọ́ sórí èkejì. Ẹ ronú sí i bóyá ìlà kan lè gbé 120. Bí kò bá lè gbé e, ẹ dí ìsọ̀kalẹ̀ fídíò àti Windows Update lọ́jọ́ ìdánwò.

Ráútà MikroTik ni mo sábà máa ń bá ní irú ibi tiyín, VRRP sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé /32 (àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo) ni kí ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì oyè sí lórí interface vrrp, kì í ṣe /24 (gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Bó bá jẹ́ àpótí funfun kékeré tí ilé-iṣẹ́ fóònù fún yín ni ẹ ń pè ní ráútà, ó dájú díẹ̀ pé kò gbọ́ VRRP. Ẹ fi í sílẹ̀ bí módẹ́ẹ̀mù, kí ẹ wá gbé ráútà gidi méjì síwájú wọn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjì tó ń lo Linux pẹ̀lú keepalived, ètò tó ń ṣe VRRP, náà á ṣe é, èmi ti fi ṣe é rí.

Títí dé ibí, gbogbo ohun tí mo sọ ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ ikú ráútà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ráútà kì í fi bẹ́ẹ̀ kú? Ohun tó sábà máa ń kú ni ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà á gé fáíbà, tàbí kí díísù ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì má rí iná lórí òpó wọn. Ráútà yín á ṣì wà láàyè, á máa ké ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan pé òun wà lórí oyè, igbákejì á sì máa fi ọ̀wọ̀ jókòó. Ìyẹn ni pé VRRP ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gbọ̀ngàn kò sì rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ṣe VRRP láìṣe àyẹ̀wò ọ̀nà ẹ̀yìn, iṣẹ́ ló ṣe dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí ráútà kọ̀ọ̀kan máa ping ohun kan tó jìnnà kọjá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni pé kó máa ké sí i, kó sì dúró de ìdáhùn. Kí ó má ṣe jẹ́ módẹ́ẹ̀mù tó wà nínú gbọ̀ngàn yín, nítorí ìyẹn á máa dáhùn nígbà tí fáíbà ti gé. Ẹ lo méjì, bíi 8.8.8.8 àti 1.1.1.1, kí ó jẹ́ pé àfi bí méjèèjì bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra ni ráútà á gbà pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Nígbà náà, kí ó dín priority ara rẹ̀ kù. MikroTik máa ń fi Netwatch, irinṣẹ́ àyẹ̀wò inú rẹ̀, àti script kékeré ṣe é, keepalived ní vrrp_script. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: mo ti bá ibi tí wọ́n ti ń dín 20 kúrò nínú 150, ó ku 130, igbákejì ní 100, wọ́n wá ń ya ara wọn lẹ́nu pé kò yí padà. Ẹ dín 60, kó di 90.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú, ìyẹn preempt. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí priority rẹ̀ ga lè gba oyè lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀ láàyè. VRRP ń tàn án fúnra rẹ̀. HSRP ní tirẹ̀ ń pa á. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń dé fún ìṣẹ́jú kan tó sì tún ń lọ, preempt á máa gbé oyè lọ gbé e bọ̀ títí gbogbo ènìyàn á fi sunkún. Ẹni tí kò bá mọ̀ á sáré pa á lára ráútà méjèèjì. Ó ti ba àyẹ̀wò ọ̀nà ẹ̀yìn jẹ́ nìyẹn, torí nígbà tí olóyè bá sọ̀kalẹ̀ sí 90, igbákejì tí kò ní preempt kò ní gbà á, á ní olóyè ṣì ń fọhùn. Èyí tó yẹ ni kí preempt máa wà lára igbákejì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa á lára olóyè ìpilẹ̀ṣẹ̀, tàbí kí ẹ sọ fún un pé bó bá gbádùn tán, kó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó padà. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo fẹ́ràn kó má padà rárá títí a ó fi ṣe tán, kí n wá fọwọ́ ara mi dá a padà nírọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú ara mi. Mo ṣe VRRP sí ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn, mo sì fẹ́ kí ààbò rẹ̀ le. Mo kọ òfin sínú fáyáwọ́ọ̀lù ráútà méjèèjì pé TCP, UDP àti ICMP nìkan ni kó wọlé, kí gbogbo nǹkan yòókù jókòó síta. VRRP kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 112. Ráútà kejì kò gbọ́ igbe àkọ́kọ́ mọ́, ó gorí oyè. Ọba méjì láàfin kan. MAC kan náà ń jáde ní ihò méjì lára súwíìṣì, súwíìṣì ń gbé e kiri, íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ó ń lọ bí iná NEPA. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí i pé ráútà méjèèjì ń sọ pé àwọn ni master (olóyè) lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹgbẹ́ kan, fáyáwọ́ọ̀lù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. (Bó bá jẹ́ pé wáyà tó so súwíìṣì méjì pọ̀ ló já, tí ráútà kan wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ọba méjì ìgbà yẹn kò burú: kálukú ń sìn apá tirẹ̀.)

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: bó bá jẹ́ ráútà àkọ́kọ́ ló ń pín DHCP, ikú rẹ̀ á pa ìyẹn náà. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa pín in, kí ọ̀kan máa fúnni láti .11 dé .120, èkejì láti .121 dé .240. DNS, tó ń sọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù di nọ́ńbà, ńkọ́? Bí ẹ bá kọ .251 sí DNS, ping á lọ ṣùgbọ́n kò sí wẹ́ẹ̀bù kankan tó máa ṣí nígbà tí .251 bá kú. Àdírẹ́ẹ̀sì oyè ni kí ẹ kọ síbẹ̀. IPv6, irú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, ní ọ̀nà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà níbẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ yẹ gateway wò, ó sì lè fura láàárín nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ kò bá lò ó, ẹ gbójú kúrò. Ráútà méjèèjì kò gbọdọ̀ wà lórí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan tàbí ìnfátà kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo rí i léraléra.

Ẹ sì tún bi ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjèèjì léèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé Òṣogbo àti wáyà abẹ́ òkun tí wọ́n ń lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà. Ẹni tó ra ìlà méjì tí méjèèjì gba ibẹ̀ kọjá, ìlà kan ló rà.

Ohun kan wà tí VRRP kò lè ṣe fún yín. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì ìta tirẹ̀. Nígbà tí oyè bá yí, àwọn tó wà lókè òkun á máa rí yín láti àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, ohun tó ń lọ lọ́wọ́ á sì já: ẹni tó ń gba fáìlì á tún un bẹ̀rẹ̀, báńkì á ní kó wọlé lákọ̀tun. Ẹ bi àwọn tó ni ètò ìdánwò náà léèrè bóyá ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ń wà ní sáfà inú gbọ̀ngàn tàbí níta, àti bóyá ẹni tó bá já lè padà síbi tó dé. Ìdáhùn wọn ló máa sọ bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin yẹn ṣe le tó.

Ẹ yan ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, kí ẹ dán an wò. Ẹ ṣí ping -t 8.8.8.8 lórí kọ̀ǹpútà kan ní ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi àṣẹ pa ráútà, ìyẹn á jẹ́ kó dágbére, ikú gidi kì í sì dágbére. Ẹ fa wáyà iná rẹ̀ yọ. Ping lè sọnù díẹ̀, kó tó máa lọ. Ẹ dá a padà, ẹ fa wáyà tó lọ sí súwíìṣì yọ. Ẹ dá ìyẹn náà padà, kí ẹ wá fa èyí tó jáde lẹ́yìn módẹ́ẹ̀mù lọ sí ìta. Èyí á pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ráútà ní láti ping lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Bí ti ẹ̀kẹta yìí bá yí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pa ping, ẹ máa lọ jẹun.